Ìgbéyàwó Halloween nínú agbolé bàbá wa ní Ìkòròdú: kí ni kí á gbà, kí ni kí á kọ̀?

Àkọ́bí_Ìkòròdú kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, nítorí pé èmi ni àkọ́bí, ọwọ́ mi sì ni bàbá wa fi gbogbo ètò náà lé.

Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dublin ní orílẹ̀-èdè Áyálándì, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkọ rẹ̀, Dublin náà ni wọ́n ti pàdé, a sì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láàrin ẹbí méjèèjì. Ọjọ́ tí wọ́n mú ni ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, tí yóò bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, ibi tí wọ́n sì fẹ́ ṣe é ni agbolé bàbá wa níhìn-ín ní Ìkòròdú, kì í ṣe gbọ̀ngàn kankan. Títí dé ibẹ̀, inú gbogbo wa dùn. Ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọjọ́ Halloween ni ọjọ́ náà, ọdún àwọn òyìnbó tí wọ́n fi ń wọ aṣọ tí ó ń dẹ́rù bani, àbúrò mi sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀ṣọ́, aṣọ àti oúnjẹ àpèjẹ náà tẹ̀ lé ti Halloween bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún.

Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé òun fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun wọ "aso eegun". Kò fi àmì kankan sí i. Aṣọ tí wọ́n ya eegun ara èèyàn sí ni ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n eégún ni gbogbo àwọn àgbà kà. Aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ kejì ni àbúrò bàbá wa kan pè mí láti béèrè eégún ilé ta ni a fẹ́ gbé jáde níbi ìgbéyàwó, àti ẹni tí ó fún wa láṣẹ. Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ náà ṣe tán, àwọn àwòrán tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ tún dé. Ọ̀kan nínú wọn ni pósí dúdú kan tí wọ́n kó yìnyín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí nínú, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àpèjẹ. Mo fi han Bàbá. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n dojú fóònù náà dé orí tábìlì, wọ́n wá ní: "Pósí kan ti jáde nínú ilé yìí. Kò sí èyí tí yóò wọlé ní orúkọ ayọ̀." Ọdún 2021 ni a sin ìyá wa. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò tíì tún sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà sétí mi.

Èmi kò fẹ́ tẹ ìfẹ́ àbúrò mi mọ́lẹ̀, nítorí pé owó tirẹ̀ ni a óò ná, ọjọ́ tirẹ̀ sì ni. Síbẹ̀, n kò ní ṣe ohun tí yóò mú kí bàbá wa jókòó nínú agbolé ara wọn bí àlejò. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Halloween, èwo ni ó lè bá wa mu, èwo ni kí á kọ̀ pátápátá? Ṣé a lè fi aṣọ dúdú ṣe aṣọ ẹbí? Ṣé elégédé tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lè ṣe é ṣe nínú oòrùn tiwa? Agbolé wa lè gba nǹkan bí àádọ́jọ ènìyàn, igi máńgòrò ńlá kan wà láàrin rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà sì gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ_Ìjọ fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe é rárá. Ohun tí a fi tọ́ mi dàgbà ni pé ọjọ́ tí èèyàn bá ń bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun, ìyè ni ó yẹ kí ó máa dárúkọ. Gbogbo wa ni yóò pé jọ tí a óò máa sọ pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹ́ní, báwo ni a óò ṣe máa ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àwòrán agbárí òkú? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ àbúrò yín ni ó ń tì yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n bàbá yín ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sì wúwo. Ẹ jẹ́ kí ó tó bẹ́ẹ̀.

Àgbà_Àgbádárìgì fèsì pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín láti Àgbádárìgì. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á mọ nǹkan náà dáadáa kí á tó dá a lẹ́jọ́. Ọmọ_Ìjọ, inú ìjọ gan-an ni orúkọ Halloween ti wá. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni alẹ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, tí í ṣe ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, tí ìjọ Kátólíìkì àti ìjọ Áńgílíkà ṣì ń pa mọ́ títí di òní. Ọjọ́ 2 ni wọ́n sì máa ń gbàdúrà fún gbogbo àwọn tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n kí ìjọ tó dé Áyálándì, àwọn ará ibẹ̀ ti ní ọdún kan tí wọ́n ń ṣe ní àkókò kan náà, tí wọ́n ń pè ní Samhain. Òpin ìkórè ni, òun náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn tí ó wà láàrin òkú àti alààyè kì í tì dé ìdí. Yorùbá tí ó mọ ohun tí à ń pè ní ará ọ̀run, tàbí Ègùn bí àwọn ará ilé ìyá mi, kò yẹ kí ó fi irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì.

Ohun kejì, tí mo rò pé yóò dùn mọ́ àbúrò yín nínú, ni pé ní Áyálándì àti Skọ́tlándì láyé àtijọ́, alẹ́ Halloween ni àwọn ọmọge fi ń wádìí ẹni tí yóò fẹ́ wọn. Wọn á bó èèpo èso ápù kan láìjẹ́ kí ó já, wọn á jù ú gba orí èjìká sẹ́yìn, lẹ́tà tí ó bá fi ara jọ nílẹ̀ ni wọn á gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọkọ. Wọn á tún fi kóró èso méjì sí ẹ̀bá iná, wọn á sọ ọ̀kan ní orúkọ ọkùnrin, wọn á sọ èkejì ní orúkọ obìnrin. Bí méjèèjì bá jọ jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbéyàwó náà yóò tura, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ìjà ń bẹ níwájú. Nítorí náà, ìgbéyàwó kì í ṣe àlejò ní alẹ́ yẹn. Àwọn pósí àti aṣọ alágbárí tí ẹ rí, ọjà ayé òde òní ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn wá.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí ni ọ̀rọ̀ ìbojú. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, Sàngbétò ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru. Ìko ni wọ́n fi bò ó láti òkè dé ilẹ̀, bí ó bá ń yí, ẹ ó rò pé òrùlé ahéré ni ó ń jó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ eré, àwọn tí wọ́n ni ín wà, òfin rẹ̀ sì wà. Ìkòròdú tiyín náà ní orò, ẹ sì mọ̀ pé obìnrin kì í yọjú síta ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe é. Ní ìlú tí òru ti ní olùṣọ́, ẹni tí ó bá bo ojú jáde lóru gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí ó rán òun. Ọmọdé tí ó wá láti Dublin lè rò pé eré ni òun ń ṣe lójú títì, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò má sì mọ̀ ọ́n sí eré.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bo ojú. Ẹ má lo ìko, ẹ má rán aṣọ kankan tí ó jọ ti eégún. Bí ó bá ku nǹkan bí oṣù kan, ẹ lọ sọ fún báálẹ̀ àti àwọn aṣáájú àdúgbò pé ẹ ó ṣe àpèjẹ alẹ́, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá orò kankan bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ó ku ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, àwòrán ni gbogbo ilé ń bá jà. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé kí ni ó rí ní alẹ́ Halloween tí ó fi fẹ́ gbé e wálé?

Ọlọ́ṣọ̀ọ́_Àpèjẹ fèsì pé:

Ẹ kú ètò, Ẹ̀gbọ́n. Ìkòròdú níbí ni èmi náà wà, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa ṣe ọ̀ṣọ́ ibi ìnáwó. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Bàbá ará Àgbádárìgì sọ, mo fẹ́ sọ bí ẹ ṣe lè ṣe é gan-an.

Ẹ pín ọjọ́ náà sí méjì. Ọ̀sán ni kí ẹ ṣe ìdáná, kí ó sì jẹ́ ìdáná tí gbogbo ayé mọ̀: alága ìdúró àti alága ìjókòó, ẹrù ìdáná bí ẹ ṣe kọ ọ́, ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àdúrà àwọn ìyá. Kí ohunkóhun tí ó jẹ́ ti Halloween má fara hàn rárá ní ọ̀sán. Bí ó bá ti di aago mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ bá ti lọ, kí ẹ wá tan iná, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àpèjẹ alẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹni tí ó bá fẹ́ dúró. Báyìí ni bàbá yín yóò ti gba ọmọ wọn fún ọkọ ní ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti àwọ̀, àwọ̀ ọsàn àti dúdú ni ti Halloween. Ẹ má fi dúdú lásán ṣe aṣọ ẹbí, pàápàá ní ilé tí ó ti ṣọ̀fọ̀ ìyá, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sọ́kàn àwọn àgbà ni aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹ lo ẹtù dípò rẹ̀. Aṣọ òkè ọlọ́lá ni ẹtù, aró ni wọ́n fi pa á títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àwọn ilà funfun tín-ín-rín sì wà nínú rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ìyàwó bá lọ́ ìró ẹtù, tí ó wé gèlè aláwọ̀ ọsàn, ẹni tí ó bá mọ Halloween yóò rí i níbẹ̀, bàbá yín yóò sì rí aṣọ tí baba tiwọn náà wọ̀.

Ọ̀rọ̀ elégédé ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ojú mi rí i. Oníbàárà kan ní kí n gbẹ́ elégédé mẹ́fà fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbẹ́ wọn, mo tò wọ́n sórí tábìlì, inú mi dùn. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán Sátidé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti jìn wọnú, ojú tí mo gbẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀, omi ń ṣe jáde lábẹ́ wọn sórí aṣọ tábìlì funfun, inú wọn sì ti bu funfun. Eṣinṣin kún ibẹ̀. Nínú ooru tiwa, elégédé tí a bá gbẹ́ kò lè kọjá ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, àárọ̀ Sátidé náà ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ẹ fi ṣíbí ha inú rẹ̀ títí tí ògiri rẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́. Èèpo elégédé wa kì í sábà pọ́n bí ti Amẹ́ríkà, àwọ̀ ewé ni ti ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹran inú rẹ̀ pọ́n dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì gba ibẹ̀ jáde máa ń rẹwà.

Ohun tí èmi yóò lò dípò rẹ̀ ni igbá. Mo kà á pé àwọn ará Áyálándì kì í gbẹ́ elégédé tẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò kan tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń pè ní turnip, ni wọ́n ń gbẹ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n bá elégédé níbẹ̀ tí ó tóbi tí ó sì rọ̀ láti gbẹ́, ni wọ́n yí padà sí i. Ohun tí ilẹ̀ ibi tí wọ́n bá ara wọn hù ni wọ́n lò. Kí ló dé tí tiwa kò fi ní jẹ́ igbá? Àwọn tí wọ́n ń fín igbá ṣì wà ní Ọ̀yọ́. Ẹ ra akèrègbè ńlá àti kékeré, kí wọ́n fín ewé, ẹyẹ àti òṣùpá sí i lára, kí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí ibi ìfín náà, kí ẹ so wọ́n rọ̀ láti orí igi máńgòrò yẹn pẹ̀lú iná oníbátìrì nínú. Ní alẹ́, ihò wọ̀nyẹn yóò ta ìmọ́lẹ̀ sára ògiri àti sára aṣọ àwọn ènìyàn. Wọn kì í bàjẹ́, ìyàwó lè kó wọn padà sí Dublin. Ẹ má fi àbẹ́là sínú wọn o, igbá gbígbẹ máa ń gba iná kíákíá, ìsàlẹ̀ kánópì kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń fi iná ṣeré.

Ẹ rántí òjò. Òpin oṣù Kẹwàá ni òjò àrọ̀kúrò ṣì máa ń bọ̀, nígbà mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ gan-an. Ẹ gba kánópì tí ó lè bo gbogbo àga, kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ibi tí omi kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wáyà kankan gba inú koríko kọjá.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òfin kan kún un, kí ó má bàa di ohun tí a gbàgbé. Ìdáná tí ẹ fẹ́ ṣe nínú agbolé jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ àṣà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéyàwó ilé ìjọba. Lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó Nàìjíríà, ọ́fíìsì olùforúkọsílẹ̀ tàbí ilé ìjọsìn tí ó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti lè so yín pọ̀, àyàfi bí mínísítà bá fún yín ní ìwé àṣẹ pàtàkì láti ṣe é ní ibòmíràn. Bí wọ́n bá ń gbé òkè òkun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n nílò ìwé ẹ̀rí yìí níbẹ̀.

Ẹ ka ọjọ́ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùforúkọsílẹ̀, ọjọ́ 21 sì gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé tí yóò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìfilọ̀. Pẹ̀lú èyí, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ti gbé ní àgbègbè náà fún ọjọ́ 15 ó kéré tán kí ìwé náà tó jáde. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ilé ìjọba ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 29, ìwé ìfilọ̀ ti gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá tó kọjá. Láàrin aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é ní ọ́fíìsì, ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dé láti Dublin ní ọ̀sẹ̀ kan péré sí ìgbéyàwó yóò kàn bá ilẹ̀kùn ní títì.

Alásè_Ẹ̀pẹ́ fèsì pé:

Mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ará ilé mi. Oúnjẹ ni tèmi, mo sì rí i pé oúnjẹ wa ti wọ aṣọ Halloween kí Halloween tó dé.

Ẹ wo ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà tí a rin, tí a fi epo pupa, ẹja àti edé sè, àwọ̀ ọsàn ni ó máa ń jẹ́ bí ó bá jinná. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkọ, ọmọ Ìkòròdú ni ìyàwó, oúnjẹ àwọn méjèèjì ni. Ẹ sè é ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ gbé e ka orí iná gbígbóná, ẹja sì ń bẹ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ sáà rán ènìyàn wá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Elégédé tí wọ́n bá ha kúrò nínú àwọn tí wọ́n gbẹ́, ẹ má dà á nù, ẹ gé e sínú ọbẹ̀, kí ẹ sì sá kóró rẹ̀ sínú oòrùn kí ẹ yan án.

Ní ti adùn tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọdé, àádùn àti bàbá dúdú ni kí ẹ ṣe. Àádùn tí a fi epo pò pọ́n bí ọsàn, bàbá dúdú tí a fi omi àgbọn àti ṣúgà sè sì dúdú bí orúkọ rẹ̀, àwọ̀ méjèèjì tí ẹ ń wá nìyẹn. Ẹ fi bébà kékeré pọ́n wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbọ́ pé ní Skọ́tlándì, ọmọdé tí ó bá wá gba adùn ní alẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọrin tàbí kí ó ké ewì kí wọ́n tó fún un. Ẹ mú ìyẹn. Kí àwọn ọmọ má kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri, kí wọ́n máa lọ láti tábìlì dé tábìlì nínú agbolé, kí ọmọ tí ó bá lè ki oríkì ilé rẹ̀ tàbí tí ó lè dá orin kan gba tirẹ̀. Ó wù mí láti wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará Áyálándì ń jẹ ní Halloween, tí wọ́n ń pè ní barmbrack: búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi èso gbígbẹ sí, tí wọ́n sì fi òrùka kan pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí òrùka bá bọ́ sí tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé yóò ṣe ìgbéyàwó kí ọdún tó yí po. Mo lè bá yín yan án. Bébà tí ó nípọn ni kí á fi wé òrùka náà, kí á sì kéde rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gé e, kí ó má bàa kán eyín àgbà.

Ọmọ_Ìjọ fèsì pé:

Bàbá, mo dúpẹ́ fún àlàyé yín, n kò mọ̀ pé inú ìjọ ni orúkọ náà ti jáde. Bí ó bá jẹ́ báyìí ni ẹ óò ṣe é, tí kò sí agbárí àti pósí, èmi yóò wá sí ìdáná ọ̀sán, n ó sì gbàdúrà tọkàntọkàn. Alẹ́ rẹ̀ ni n kò tíì lè ṣèlérí.

Àkọ́bí_Ìkòròdú kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ṣe ohun tí Bàbá ará Àgbádárìgì sọ. Mo pe àbúrò mi ní alẹ́ àná, mo sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ní ní ọdún tí òun kọ́kọ́ dé Dublin, ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan ni òun háyà yàrá sí. Oṣù díẹ̀ ni Màmá ti kú nígbà náà, òun kò sì lè wálé fún ìsìnkú nítorí ìwé ìrìnnà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ìyá náà gbé àbẹ́là kan sí ojú fèrèsé, ó sì fi àwo kan kún àwọn tí ó wà lórí tábìlì, ó ní ti àwọn ará ilé òun tí wọ́n ti lọ ni. Ó wá béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi bóyá òun náà ní ẹni tí òun fẹ́ tan iná dè. Àbúrò mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ sunkún Màmá. Pósí àti aṣọ eegun wọ̀nyẹn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí i nígbà tí ó sọ ọjọ́ tí ó mú, òun náà sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa láìronú jìnnà. Ó ní òun kò nílò ọ̀kan nínú wọn. Iná ni òun fẹ́.

Mo lọ jókòó ti Bàbá ní àárọ̀ òní, mo sì sọ ọ́ fún wọn bí ó ṣe sọ ọ́. Wọn kò dá mi lóhùn, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n jáde, àtùpà Màmá ni ó wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹja díndín nígbà tí Màmá ń tajà ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa. N kò mọ̀ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní òun ni kí á kọ́kọ́ tàn ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí á gbé e sí ojú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ìyàwó fúnra rẹ̀ sì ṣáná sí i, kí á tó tan iná inú igbá kankan.

Nítorí náà, ìdáná ní ọ̀sán, àpèjẹ ní alẹ́. Ẹtù àti gèlè aláwọ̀ ọsàn, àbúrò mi ti gbà. Akèrègbè ogún sórí igi máńgòrò, elégédé méjì péré lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò bo ojú. Àwọn ọmọ yóò ki oríkì gba àádùn. Ọkọ ìyàwó yóò dé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án nítorí ìwé ìfilọ̀ ilé ìjọba, òun ni ọ̀gá rẹ̀ lè tètè fún ní ìsinmi. Alásè_Ẹ̀pẹ́, n ó kọ̀wé sí yín lórí búrẹ́dì náà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Gíláàsì àtùpà náà kò fọ́, Bàbá ti ń fi eérú àti àkísà nù ún láti àárọ̀, ṣùgbọ́n òwú inú rẹ̀ ti jẹrà. Òwú pẹrẹsẹ ni, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀ rà ní Ìkòròdú?

Ọlọ́ṣọ̀ọ́_Àpèjẹ fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí ọjà Sábó, kí ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí wọ́n ń ta kẹrosíìnì àti sítóòfù. Ẹ mú èyí tí ó jẹrà náà lọ kí wọ́n lè fi wọn tuntun, nítorí pé bí ó bá fẹ̀ jù, kò ní wọlé, bí ó bá sì tín-ín-rín jù, yóò máa rú èéfín. Ẹ ra méjì.